Pèrègún Mẹ́ta Ààlà Eléèsún: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Tíṣà Jethro Adébùsóyè (1938–2019)

Ní oṣù kẹrin ọdún 1977, ẹnì kan hú pèrègún mẹ́ta tó dúró ní ààlà Ahoro Eléèsún, ó gbé wọn lọ sí etí odò, ó sì gbìn wọ́n síbẹ̀. Ẹ̀yin ará tí ẹ bá wa péjọ lónìí, a kò lè sọ ìtàn Tíṣà Jethro kí á fo èyí.

Àkúrẹ́ ni a ti bí wọn ní ọdún 1938. Adébùsóyè, bàbá wọn, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ọmọ àwọn tó kó kúrò ní Eléèsún, ìlú kékeré àtijọ́ kan lójú ọ̀nà Oǹdó tí igbó ti bò. Ìbídùnní, ìyá wọn, jẹ́ ọmọ Oǹdó. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ní 1953, bàbá ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lóko wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eléèsún. Ọlábọ̀dé, àbúrò, fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Jethro tẹ̀síwájú títí dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó.

Ní 1964, wọ́n gbé Fọlákẹ́ níyàwó ní ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n ṣe tíṣà ní Ìgbàrà-Òkè, ní Ìlárá-Mọ̀kín àti ní Àkúrẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ yóò rántí Sátidé tí wọ́n máa ń kó wọn wọ igbó, ẹ̀pà nínú àpò, tí wọn a máa wí pé, “Ibi tí ẹ bá ti rí igi obì mẹ́ta pọ̀, ẹ wo ilẹ̀. Ààrò ẹnì kan wà níbẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Tíṣà ra tépù ìwọnlẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò wá ààlà Eléèsún rí. Gbogbo àgbà ni wọ́n bi léèrè. Wọn kò bi ẹni tó ti ń ro ìdí pèrègún náà láti ọdún 1953. Pèrègún kì í tètè kú. Nígbà tí wọ́n fi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ó ti ta gbòǹgbò létí odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ilẹ̀, tí wọ́n sì tẹ ìwé ní 1979.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà ní Oǹdó, ìyá arúgbó kan dìde: “Tíṣà, ìdí àràbà ni pèrègún tí ìyá mi ń sá aṣọ sí wà. Ṣé ó hu ẹsẹ̀ ni?” Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fọwọ́ ara wọn kó àwọn ẹ̀dà ìwé náà kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà, “Tíṣà Pèrègún” ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ogójì ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi padà síbẹ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí àwọn ti ṣì í. Ní 1998 wọ́n di bàbá ìjọ, síbẹ̀ wọn kò jáwọ́. Ní 2018, pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n jókòó létí odò: “Bọ̀dé, níbo ni mo ti ṣì í?” Ọlábọ̀dé ní, “Ẹ bi àwọn tó kàwé.”

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, 2019. Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, Olúwakẹ́mi, Kọ́láwọlé àti Oyèníyì, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti àbúrò kan.

Èmi Ọlábọ̀dé, àbúrò náà, ni mo ní kí wọ́n kọ èyí sílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń fi ẹnu mi kà á létí sàréè. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo hú pèrègún náà. Ẹ kò ṣì í. Ìdí àràbà ni ààlà wà. Ẹ lọ sinmi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í yẹ ààlà mọ́ yín lọ́wọ́.