Kọ́ìlì Ni, Kì í Ṣe Àrá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìrí wa láti ọjọ́ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àmùkòkò níbí. Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí sí Màámi létí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti jẹ̀bi. Gbogbo ará ilé ní Ìkirè, mo kí yín.

Ìdí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn ni pé ọ̀rọ̀ tó dé etí yín ti dé etí gbogbo àdúgbò. Bàbá Délé, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù láti Apápá wá sí ọ̀dọ̀ yín, yà kí mi ní Sátidé kan, ó sì bi mí pé kí ni Títí ń ṣe báyìí. Inú mi dùn sí ọmọ mi, mo ní ó ń ṣe ẹ̀rọ mànàmáná nínú yàrá. Iná mànàmáná ni mo ní lọ́kàn, irú èyí tí a ń tàn sílé. Mo kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Àfi bí Bàbá Délé ṣe dé ilé tó ní ọmọ-ọmọ yín ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa mànàmáná láti ojú ọ̀run, pé tó bá yá, yóò máa sán àrá lu ènìyàn. Ni ẹ bá ránṣẹ́ pé kí Títí kó ẹrù rẹ̀ wá sílé kí oṣù yìí tó parí. Màámi, ẹkún ni ọmọ náà sun. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn yín. Oṣù yìí gan-an ni iṣẹ́ tó ti ń wá láti ọdún méjì fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Títí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ rewáyà ló kọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń tún wáyà àti iná mọ́tò ṣe. Ó lọ bá Ọ̀gá Músíbáù, tó ní ọgbà ọkọ̀ kan ní Creek Road. Ọ̀gá ní òun kò gba obìnrin rí, pé ọmọge tí èékánná rẹ̀ mọ́ tó báyìí, ṣé òun ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀? Títí ní kí wọ́n dán òun wò. Ọ̀gá ní ó dáa, àwọn bọ́ọ̀sì òun ń kú sójú ọ̀nà nítorí pé ojú lásán ni àwọn ọmọṣẹ́ òun fi ń yẹ púlọ́ọ̀gì wò, irin kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń sọ èyí tó dáa nù, wọ́n ń dá èyí tó ti kú padà. Bí Títí bá lè ṣe àpótí kan tí yóò máa fọ́n iná sí púlọ́ọ̀gì lórí tábìlì, kí gbogbo ojú rí èyí tó ń ta iná àti èyí tí kò ta, iṣẹ́ ti di tirẹ̀.

Báyìí ni ilé mi di ilé irin àlòkù. Òjò ń rọ̀, omi ń wọlé, irin sì gba orí àga tó yẹ ká sá sí. Ó ní kọ́ìlì ni olórí gbogbo rẹ̀, òun ló ń sọ agbára kékeré inú bátìrì mọ́tò di ńlá. Ó wá ní kí n bá òun mú ẹyọ kan bọ̀ tí mo bá ń ti ọ́fíìsì bọ̀, ní Warehouse Road tí mo ti ń tẹ̀wé. Màámi, mo yà, mo ra páálí méjì. Títí wo páálí, ó wò mí. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ni mo rà, èyí tí a ń ṣáná sí tó ń rú èéfín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ṣé ẹ̀fọn ni Ọ̀gá fẹ́ fi wa bọ́ọ̀sì ni.

Nígbà tó tún máa lọ sọ́dọ̀ àwọn oníirin àlòkù, mo tẹ̀lé e. Ẹ mọ̀ mí, àyà mi kì í balẹ̀. Kọ́ìlì tí oníirin kọ́kọ́ gbé fún wa ń dán, mo ní ká mú un. Títí dorí rẹ̀ kodò, òróró ń jò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní èyí tó bá ti ń jò báyìí, inú ara rẹ̀ ni yóò ti jóná. Ó mú òmíràn tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò sán níbì kankan. Kọ̀ńdẹ́nsà inú tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́, ohun tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀, ló kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Ó bú gbàù, mo bọ́ síta, mo ń pe Jésù. Ó wá fi ti mọ́tò rọ́pò rẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń so gílóòbù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iná ń gbà yọ. Ó sọ ọ́ nù, ó lọ wá wáyà púlọ́ọ̀gì tó nípọn. Mo fún un ní àpótí irin, ó kọ̀, ó ní irin lè jẹ́ kí iná gbé ènìyàn. Ló bá ń wo kúlà pupa mi, èyí tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, Màámi.

Mo ṣe òfin fún un: bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, pákó gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn, kó sì yọ bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ní òun ló kọ́ mi ní òfin yẹn lánàá. Mo ní kò burú, mo fi àdúrà kún un.

Ọjọ́ ìdánwò, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo bá Títí lọ sí ọgbà ọkọ̀. Ọ̀gá to púlọ́ọ̀gì márùn-ún sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ yí wa ká, ọ̀kan ń bèèrè bóyá jọ̀lọ́ọ̀fù ló wà nínú kúlà. Títí tẹ bọ́tìnnì: pàrà, pàrà, iná búlúù. Ìkejì ta, ìkẹta ta. Ó kan ìkẹrin, èyí tó dán jù nínú gbogbo wọn, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n hó pé ẹ̀rọ ti kú. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Títí fi ìkarùn-ún sí i, pàrà! Ó dá ìkẹrin padà, kò sí nǹkan kan. Ó wá sọ fún Ọ̀gá pé òkú ni èyí, ẹnì kan ló wẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun fọwọ́ ara òun wẹ òkú náà, kí òun lè mọ̀ bóyá ojú lásán ni ọmọ náà fi ń wò ó. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Nítorí náà, Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó dúró. Èmi tí mo gé ọ̀rọ̀ kúrú ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Mi ò ní kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò sì ní ẹ̀gbọ́n kan nítòsí tí mo lè sáré bá. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ pè é ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́: iná mànàmáná.

Bàbá Títí ń kí yín láti wọ́ọ̀fù, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹ ti ọmọ-ọmọ, ara yín kò ní mọ àárẹ̀. Bàbá Délé ń kó páálí kọ́ìlì méjì yẹn bọ̀ fún yín. Ti ẹ̀fọn ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ fún un, kó má baà tún kéde pé mo fi àrá ránṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá, ìyá rewáyà.