Òdòdó Tí Mo Gé Lára Kọ́tìnì Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Màmá Olódòdó, oníṣòwò abọ́, ife àti aṣọ tábìlì, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ Ajé, ó ní orúnkún mi nìkan ló bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ lọ́yà tí yóò pín ogún yìí, ẹ fetí sílẹ̀.

1. Ilé tí mò ń gbé di ti ọmọ mi obìnrin. Kó má ṣe kun ilé ìdáná ní ọ̀dà funfun. Mo mọ̀ pé yóò kùn ún.

2. Ilé iṣẹ́ àti màṣíìnì ìránṣọ mọ́kànlá inú rẹ̀ di ti ọmọ mi ọkùnrin. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òdòdó àti ewé ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ó mọ òṣìṣẹ́ tọ́jú.

3. Ológbò mi di ti ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀. Ìwà wọn bára mu: bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á jáde.

4. Kí ẹnikẹ́ni má jogún sísọ́ọ̀sì dúdú mi. Ẹ sin ín mọ́ mi. Ẹ̀rí ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí gbogbo ife wa ni a kọ ọ́ sí pé: "Òdòdó ilé ìdáná ìyá mi." Irọ́ ni. Ìyá mi kórìíra òdòdó. Ó ní eruku ló ń gbà. Abọ́ funfun tó ti họ lẹ́nu la fi jẹun dàgbà.

Ara kọ́tìnì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni òdòdó yẹn wà. Òun ló jókòó fi abẹ́rẹ́ àti òwú pupa ṣe é sí i. Ó jáde lọ ra búrẹ́dì. Kó tó dé, mo ti fi sísọ́ọ̀sì dúdú mi gé e, mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ àwòrán sáṣọ. Láti ara ẹyọ òdòdó kan yẹn ni épírọ́ọ̀nù ti jáde, lẹ́yìn náà ife, lẹ́yìn náà tìréè, títí tí àwọn tí kò ní òdòdó nílé rí fi ń sọ pé ó ń rán àwọn létí ilé ìyá àwọn.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi sọ: "Ò bá tọrọ ẹ̀, ǹ bá fún ẹ." Láti ìgbà náà, a kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sì pààrọ̀ kọ́tìnì náà. Ihò rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé. Bí àlejò bá béèrè, á ní eku kan tó ti di olówó ló jẹ ẹ́.

5. Kí a pa àkọlé irọ́ yẹn rẹ́. Kí a kọ pé: "Òdòdó ẹ̀gbọ́n mi, tí mo gé láìtọrọ." Ọmọ mi ọkùnrin yóò ní ọjà kò ní tà. Bí kò bá tà, kó wá nǹkan mìíràn tà.

6. Aṣọ tí mo gé náà, tó wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, di ti ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ti fa igi lé ìkẹfà yìí. Lọ́yà ní ẹni tó bá máa jogún mi kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí kan sì kù wá kù, ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì fẹ́. Ni mo bá gbé páálí náà, mo wọ́ orúnkún mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rù bà mí. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mo gé e wọ́. Mo sunkún. Ó ní kí n jókòó, kí n máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún òun. Ohun olóhun ti dọ́wọ́ olóhun, kò sì jogún mi mọ́.

Ìfọwọ́sí: Màmá Olódòdó
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Ẹlẹ́rìí kìíní: Télọ̀ àgbà ilé iṣẹ́
Ẹlẹ́rìí kejì: Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ni òdòdó