Òróró Igbó Tí Èmi àti Obéline Dà Pọ̀

Mylène ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Montréal? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí o ṣàìsàn, kò sì ní jẹ́ kí ọkùnrin ọ̀lẹ kan kó ẹrù wọlé rẹ. Mireille tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ara wa le. Adìyẹ méjì kú. Ọ̀rọ̀ orúnkún mi ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé láti èṣín ni mi ò ti lè kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etíkun láti wú ìkarawun tí à ń sè jẹ. Ẹni tí kò bá sì lè kúnlẹ̀ níbẹ̀ mọ́, orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kù fún un. Mi ò fẹ́ àga yẹn.

Ìgbà náà ni Dókítà Haché dé láti ilé ìwòsàn ńlá, ó ní òun ń wá àwọn arúgbó tí orúnkún ń dùn, òun fẹ́ fi òróró igbó ṣe ìwádìí lára wọn. Igbó tí bàbá-ńlá rẹ tìtorí rẹ̀ lé Onésime àbúrò bàbá rẹ jáde nílé, òun ni dókítà ń gbé kiri nínú ìgò báyìí.

Ó pè wá sí gbọ̀ngàn ìjọ. Ó ní kí ìjọba dẹ òfin díẹ̀, kí àwọn lè dán igbó wò bí oògùn gbogbo, kí wọ́n mọ ìwọ̀n tí èèyàn yóò lò. Dókítà Robichaud tó ń tọ́jú wa níbí fò dìde, ó ní òfin náà ti dẹ̀ jù, ẹ̀rí kò tíì tó, kí dókítà kankan má tíì fi í fún aláìsàn. Mo ní ẹ gbọ́ ná, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù láìfọwọ́ sí nǹkan kan, èmi ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lẹ wá kó ìwé mọ́kànlá fún. Àwọn méjèèjì ní kí n jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo fa ìlà méjì kọjá ara wọn sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé náà. Wọ́n ní kí n sọ iye tí ìrora mi jẹ́ nínú mẹ́wàá. Mo ní mélòó ni Obéline aládùúgbò mi sọ? Wọ́n ní àwọn ò lè sọ. Mo ní ó dáa, mẹ́wàá, kó má baà jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà ni dókítà tó wá là á fún wa pé igbó wà nínú ìdajì àwọn ìgò náà, òróró lásán ló wà nínú ìdajì yòókù, òun alára ò sì mọ èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ló pín in. Mo bi í pé ọmọ ilé ta ni kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí n gba ìgò mi.

Mylène, o mọ bí a ṣe ń ṣe nílé. Bí ọkọ̀ apẹja bá gúnlẹ̀, ojú kan ni wọ́n ń da ẹja àwa opó sí, wọ́n á pín in dọ́gba. Kò sí pé opó kan gba orí, kí èkejì gba ara. Nítorí náà, èmi àti Obéline da ìgò wa méjèèjì sínú ìkòkò kan, a rò ó pọ̀, a tún pín in padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń lò ó. Orúnkún mi rọ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo wú garawa mẹ́ta.

Inú mi dùn, mo lọ sọ fún Dókítà Haché. Ńṣe ló rọra jókòó. Ó ní Ìyá Exilda, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní n ò bà á jẹ́, mo tún un ṣe ni, ṣebí ìwọ náà ò mọ ẹni tó gba kí ni. Ó yọ wá kúrò nínú ìwádìí náà, ó wá yẹ ìwé àṣírí wò. Òróró lásán ni tèmi, ti Obéline ló ní igbó nínú. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Obéline ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní orúnkún òun ni mo fi ń rìn, kí n dúpẹ́. Mo ní kó lọ bọ́ adìyẹ rẹ̀.

Dókítà ní òun á bẹ̀rẹ̀ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, òun á gbà wá padà bí ẹbí wa bá lè fọwọ́ sí i pé a ò ní da nǹkan pọ̀ mọ́. Èmi ò lè búra bẹ́ẹ̀. Ìwọ bá mi búra. O ò sí nílé, o ò ní mọ̀.

Fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà rọ́bà, omi ti ń wọ ti ẹsẹ̀ òsì. Má fi í sórí fóònù bíi ti ìjọsí. Mo gbọn fóònù náà títí, kò já bọ́.

Ọlọ́run á bù kún ọ. Bó bá ń pín nǹkan, kí òróró lásán má bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bó bá sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kó fi Obéline kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ.

Mireille, o ò gbọdọ̀ sọ fún Obéline pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá-ńlá rẹ,
Exilda