Ìbòrí Fàdákà Kò Tíì Ṣetán

Adelaide,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti inú yàrá mi, níbi tí mo ti wọ aṣọ òtútù kọ̀wé. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ìbàdí yín ń jẹ́ kí ẹ jókòó jẹun? Ara tèmi le.

Ọ̀gbẹ́ni Hannaford, aládùúgbò yín, pè mí lánàá. Ó ní ọyún ń jáde lójú ibi tí wọ́n ti fi irin rọ́pò eegun ìbàdí yín, àti pé oògùn aláwọ̀ aró tí a máa ń fín sára àgùntàn tí abẹ bá ge nígbà tí a bá ń rẹ́ irun rẹ̀ lẹ ń fín sí i. Nígbà tó bá yín wí, ẹ ní, "Àgùntàn wo lo gbọ́ pé ó kú mọ́ mi lọ́wọ́, Clive?" Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Ó tún ní ẹ kò jẹ́ kí dókítà yọ irin náà, pé ẹ ní, "Ọmọ mi Imogen ń ṣe irin tí kòkòrò àrùn ò lè bà lé. Tirẹ̀ ni mò ń dúró dè." Bàbá, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Lóòótọ́, a fi fàdákà bo irin tí à ń ṣe níbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń pa kòkòrò nínú àwo àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ara àgùntàn la ṣì ti ń dán an wò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ẹran tí a máa pa lórúkọ. Síbẹ̀, mo sọ ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn ibi iṣẹ́ wa ní Dulcie. Òun ni mo máa ń lọ bá sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè, torí mi ò ní ẹlòmíràn níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pa á, a la eegun rẹ̀. A rí i pé láti ìgbà tí a ti fi òòlù gbá irin wọlé sí i lára ni eegun ti ha fàdákà kúrò létí kan. Ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò tẹ̀dó sí.

Ọ̀gá mi ní, "Fọkàn balẹ̀, Immy, ó ku díẹ̀." Ó ku díẹ̀ náà ni gbogbo ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ń wí, àti èyí tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí mi. Mi ò mọ bí díẹ̀ náà ṣe gùn tó.

Láti ìgbà tí Màmá ti kú, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ tó yín. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà mí gbọ́ lórí èyí. Kòkòrò náà lè wọnú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ irin náà. Mo ń wakọ̀ bọ̀ ní Sátidé láti gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Kí ilẹ̀ máa mọ́ bá yín láìsí ibà, kí òjò rọ̀ sórí koríko yín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Imogen

Mo tún rántí: mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹ bá ti kúrò nílé ìwòsàn. Òrùlé ilé kejì nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, kò ní wù yín. Ẹ ṣáà wá.