Omi Tí Wọn Ò Bù Sí Mi Lẹ́sẹ̀

Àǹtí Súwébátù mi ní Sókótó,

Ẹ kú àárò wa. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Gbogbo ilé l'Ágbowó ń kí yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti ń wálẹ̀, àmọ́ òògùn wọn ti ń tán.

Ẹ rántí pé a fẹsẹ̀ rìn lọ Ìlọrin lọ ṣàdúà fún wọn. Bọ̀ọ̀dá Tìámíyù, àbúrò bàbá wa tó kó mi lọ, búra pé ẹsẹ̀ náà la máa fi bọ̀. Àfi bá a ṣe dé Mọ́níyà lábọ̀ tí wọ́n gbé báàgì wọn lé mi lórí, tí wọ́n kó sí takisí máíkírà: "Ráúfù, máa bọ̀ o!"

Ìgbà tí mo tiro délé, àwọn náà ti díbọ́n tiro wọlé, Màámi ń fomi tútù wẹ ẹsẹ̀ wọn. Màámi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, ó tún ń sín ọkọ mi jẹ!"

Mo ní ẹsẹ̀ mi bó ni. Mo wojú Bọ̀ọ̀dá kí wọ́n gbè mí.

Wọ́n ní, "Ọ̀kadà ló gùn, ìyàwó wa."

Àǹtí, lóòótọ́ mo máa ń sín gbogbo yín jẹ. Àmọ́ Màámi ni mo rìn fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, kí wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Omi yẹn ń dùn mí ju egbò lọ.

Àbúrò yín,
Ráúfù