Ọfà Tí Alhaja Kò Rí

Ọjọ́ Ẹtì, Ìkòròdú.

Èmi ni mo ṣètò gbogbo ẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lónìí fún iléeṣẹ́ wa, tẹlifíṣọ̀n ńlá, jẹnẹrétọ̀, àga, kí Alhaja lè wo Sìdí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń ta ọfà fún Nàìjíríà lókè òkun.

Wọ́n na Sìdí ní abala méjì àkọ́kọ́ nínú márùn-ún. Mo wo aago. Mo ní, "Eléyìí ti tán. Ẹ kó àga."

Alhaja ní, "Màdáàmù, ẹ ní sùúrù. Ọmọ mi ò tíì gbé ọrun kalẹ̀."

Mo pa jẹnẹrétọ̀.

A ò tíì kó àga tán tí Sìdí fi pè. Ariwo ẹ̀ gba fóònù kan: "Mọ́mì, mo lé e bá! A ta ọ̀mì, wọ́n ní ká ta ọfà kan ṣoṣo sí i, tèmi wọ àárín gbùngbùn, mo borí! Ṣé ẹ rí i?"

Alhaja wo tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn. "Mo rí i, ọmọ mi. Mo rí i dáadáa."

Kò bú mi. Ó ní mo kú wàhálà, ó di ẹja lé mi lọ́wọ́.

Ẹja náà ṣì wà nínú ọ̀rá. Ojú ń tì mí láti tú u.