Àwọn Tó Mọ Ohun Tó Ṣe Ìyàwó Mi

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ìkàrẹ́ níbí, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí ìyàwó mi bímọ, orí rẹ̀ dàrú. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ gbé ọmọ. Bàbá mi, tó jẹ́ àfáà, ní àlùjọ̀nnú ni. Ìyá ìyàwó mi dé láti Ọ̀kà, ó ní òrìṣà ilé àwọn ló ń bínú, pé ó pẹ́ tí ọmọ òun ti wálé ṣọdún. Àdúà ń lọ, ètùtù ń lọ, ìjà náà ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń pariwo, ìyàwó mi lanu sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin àgbà, gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣe mí. Ta ló bi mí bóyá mo ti jẹun?"

Ìyá rẹ̀ lọ gúnyán. Bàbá mi, tòun ti láwàní, gbé ọmọ pọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a fi máa kórè àgbàdo, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti padà sídìí òfì tó fi ń hunṣọ. Inú mi dùn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ní àdúà ló wò ó sàn, ìyá ìyàwó mi ní ètùtù ni, wọ́n sì ní kí n dájọ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ má dá a o. Ẹni tó bá jẹ̀bi á bínú lọ sílé, ta ni yóò wá máa bá mi pọnmọ?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i?